Mummy Zina Kò Dìde Fúnra Rẹ̀

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti oṣù kẹta ọdún yìí kò dà nínú mi, mo sì ti pinnu láti pọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sí mi lára tutọ́. Nínú ìwé ilé iṣẹ́ wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá kan tó ń jẹ́ Zinaida, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, gbìyànjú láti dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìdúró de àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, ó ṣubú, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Irọ́ ni. Kò dìde fúnra rẹ̀. Èmi Fàósátù ni mo dá gbé e, ọwọ́ mi ló ti bọ́, ọwọ́ mi kan náà ni mo sì fi tẹ irọ́ náà sínú fóònù. Ẹ má tíì bínú tán o, nítorí ìyẹn kọ́ ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nílùú Ìsẹ́yìn kí n tó gba físà ìtọ́jú aláìlera, èyí tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ilé iṣẹ́ bá lé èèyàn, wá sí London lọ́dún 2023, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa, Kàfí. Thamesmead la dé sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti ilé aláìlera kan bọ́ sí òmíràn, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n wọṣọ fún wọn, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n sì tún sáré lé bọ́ọ̀sì. Mummy Zina wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Àjà kẹta ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harrow Manorway ló ń gbé, níbi tó ti lè máa wo igi Lesnes Abbey láti ojú fèrèsé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì àti apá òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ já gaara, apá ọ̀tún rẹ̀ sì lágbára ju tèmi lọ. Obìnrin náà ga. Àní ó ga! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lópin bẹ́ẹ̀dì, mo ní nínú ọkàn mi pé ṣé òpó iná ló bí eléyìí ni. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ wúwo, tèmi náà wúwo, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé dáadáa. Fao ló ń pè mí.

Ará Rọ́ṣíà ni, fọ́líbọ́ọ̀lù ló sì fi ayé rẹ̀ ṣe. Bí mo bá ti ń wẹ̀ ẹ́, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọmọ ọdún méjìlá lòun, nílùú kan létí odò Kama, nígbà tí kóòṣì kan wọ kíláàsì àwọn, tó ní kí gbogbo ọmọ dìde dúró, tó sì wá ní kí gbogbo wọn jókòó, ó ku òun nìkan. Kóòṣì náà tẹ̀ lé e délé. Kò béèrè ìwé, kò béèrè bàbá, bàtà ńlá ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbé sókè wò, ó ní, “Ọmọ yìí ṣì ń ga bọ̀.” Bó ṣe di ọmọ ilé ìwé eléré nìyẹn, tí wọ́n ń sùn mẹ́jọ mẹ́jọ nínú yàrá kan, tó ń jí gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì ní kùtùkùtù, nítorí pé ògiri yẹn nìkan ló máa ń móoru nínú òtútù wọn. Ìka rẹ̀ mẹ́ta ló wọ́, bọ́ọ̀lù ló ṣẹ́ wọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n fún un ní aṣọ pupa, nọ́ńbà méje. Ọdún márùn-ún ló fi wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, nínú ìdíje kan tí àmì kan péré kù kó parí, ó fò sókè níwájú àwọ̀n, bọ́ọ̀lù tí àwọn alátakò gbá fara kan èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ́ kó tó jáde síta. Rẹfirí kò rí i. Wọ́n ti ń fún àwọn tirẹ̀ ní àmì. Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè pé ó kan òun, àmì náà sì di tàwọn alátakò. Bí wọ́n ṣe pàdánù nìyẹn. Kóòṣì kò bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí wọ́n fi délé, nígbà tí wọ́n sì máa ka orúkọ àwọn tó ń lọ sí ìdíje àgbáyé, wọn ò ka tirẹ̀. Wọn ò kà á mọ́ títí láé. Ó padà sí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ń wú, ó wá lọ gbá a ní Tọ́kì fún ọdún mẹ́ta, níbẹ̀ ló ti pàdé Francis, òyìnbó tó ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi. Francis ló mú un wá sí Woolwich, ó sì fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ní bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Francis kú, kò sí ọmọ. Ohun tó kù fún un ni fọ́tò àwọn ọmọbìnrin méjìlá inú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun náà láàárín wọn, tó gbé kọ́ sí ara ògiri, àti ìtàn.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ rẹfirí yẹn fún mi, mo ní, “Mummy, ẹ̀yin gan-an! Nígbà tí rẹfirí ò rí i, ta ló rán yín níṣẹ́?” Ó wo ìka rẹ̀, ó ní, “Fao, ìka mi mọ̀.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bí àwàdà, pé òyìnbó kan wà tí ọgbọ́n rẹ̀ kò pé. Ẹ gbọ́ mi o. Èmi ni mo pe ẹlòmíràn ní ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ kò pé.

Nítorí bó ṣe tóbi tó yìí, òfin ni pé èèyàn méjì ni kó máa gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà. Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé fún un, tó ní aṣọ tí a fi ń gbé èèyàn sókè. Ẹnì kan á máa ti ẹ̀rọ, ẹnì kejì á di èèyàn mú. Double-up la máa ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì mi ni Raliat, ọmọ Ìlọrin, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í pe orúkọ mi láìfi Sister síwájú. Ìṣòro wa ni pé bí a bá parí ní ilé Mummy Zina ní aago mẹ́jọ, aago mẹ́jọ yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ pé kí a wà nílé bàbá kan ní Woolwich, àfi bíi pé a níyẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á pè é sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀, Raliat ní, “Sister Fao, ẹ jẹ́ ká split ẹ. Ẹ̀yin ẹ máa ṣe Mummy Zina, èmi á máa ṣe Daddy yẹn. Ẹ snap code tó wà lẹ́yìn door Mummy, kẹ́ ẹ send ẹ sí mi, èmi náà á snap ti Daddy. A máa clock in síbẹ̀ méjèèjì. Everybody ló ń ṣe é.” Code yẹn la máa ń fi fóònù yà láti fi hàn ọ́fíìsì pé a ti dé ilé ẹni náà. Mo ní, “Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Ọlọ́run ò ní tú wa láṣìírí.” Mo sì ṣe àmín. Irú àdúrà tí mò ń ṣe àmín sí nígbà yẹn nìyẹn.

Oṣù méje la fi ṣe é. Nítorí pé ẹ̀rọ náà máa ń fàkókò ṣòfò lọ́wọ́ ẹnì kan, mo pa á tì sí kọ̀rọ̀, mo ń gbé Mummy Zina ní ọwọ́ lásán. Á fi apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, a ó jọ kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, mo ti gbé e jókòó. Nígbà tó kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀dọ́bìnrin kejì dà, mo ní ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó ní, “Fao lágbára, ó yẹ kó ti gbá bọ́ọ̀lù.” Orí mi wú. Àṣé ìjàǹbá ni mò ń fi ìyìn yẹn tọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú ààwẹ̀ Ràmádàánì. Mi ò jẹ, mi ò mu, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì ti pẹ́, mo wọlé pẹ̀lú ìkánjú. Mo fa àga onítáyà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tẹ búréèkì rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. A ka ení, a ka èjì, a ka ẹ̀ta. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kan àga ni àga sá sẹ́yìn. Ọrùn mi kò lè gbà á mọ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi apá ọ̀tún ṣubú lulẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí egungun náà dún. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Fao,” lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí ojú tì mí dáadáa níbí yìí: ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè kì í ṣe áńbúláǹsì. Raliat ni mo pè. Mo lọ dúró sí kíṣìnì kí Mummy má baà gbọ́ mi, obìnrin náà sì wà nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Raliat ní, “Ah! Sister, ẹ calm down. Ẹ ò gbé e. Ẹ gbọ́ mi? Kitchen la wà àwa méjèèjì, à ń po tea, ló bá try láti dìde fúnra ẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ dá wà o. Visa! Ẹ ronú Kàfí.” Mo ronú Kàfí. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú áàpù ilé iṣẹ́, mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe áńbúláǹsì. Mo ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu tí mi ò fi kan omi ni mo fi parọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pe ìpàdé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn. Patricia, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, wà níbẹ̀, àti ìyá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó máa pinnu bóyá Mummy Zina ṣì lè máa dá gbé ilé rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ, kó padà sílé rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè bí ó ṣe ṣubú. Ó ní, “Mi ò dìde. Fao ló ń gbé mi. A ka ẹ̀ta, àga sì sá.” Gbogbo ojú yí sí mi. Patricia ní, “Fao, is that right?” Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Kò tíì ju apá kan lọ tó kán. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ kọ́ láti kékeré, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti kú mú, mo fi ohùn tó dùn jù lọ lẹ́nu mi sọ pé, “Mummy, ẹ ti gbàgbé ni. Kitchen la wà. Ẹ̀yin lẹ dìde.” Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Kò sí ọmọ òyìnbó kankan tó kúnlẹ̀ fún un rí láyé rẹ̀, ohun tí mo sì sọ fún un nígbà kan ni pé níbi tí mo ti wá, ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún nìkan là ń kúnlẹ̀ fún. Ó yíjú sí wọn, ó ní, “Fao ò lè parọ́ fún mi. Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé.” Ìyá ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: iyè rẹ̀ ti ń ra, kò mọ ewu, kò lè dá gbé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan lọ́nà Woolwich. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé rẹ̀ ní Harrow Manorway ti gbé e fún ẹlòmíràn. Patricia sì fún mi ní ìwé ìyìn, nítorí pé mo máa ń lọ kí Mummy Zina lọ́jọ́ ìsinmi mi. Mo gbà á o. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló ń gbé mi lọ. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi lọ, mo sì ń fi páàfù-páàfù tí mò ń dín lọ fún Mummy pa á lẹ́nu mọ́. Ibi tí mo wá rí ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Lóṣù kẹfà, ó bi mí pé, “Fao, ògiri ilé búrẹ́dì yẹn, ṣé tèmi ni, àbí inú fíìmù ni mo ti rí i?” Mo fi ẹ̀rín bò ó. Lóṣù kẹsàn-án, mo wọlé, mo rí i pé fọ́tò àwọn ọmọbìnrin méjìlá kò sí lára ògiri mọ́. Ó ti ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ó ní, “Mi ò fẹ́ máa parọ́ fún àlejò.” Mo ní irọ́ báwo. Ó ní, “Gbọ́. Títí di òní, bí mo bá dijú, mo ń rí i kedere pé ìwọ lò ń gbé mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ bí a ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo sọ fún mi. A jẹ́ pé ohun tí mo bá ń rí kedere kì í ṣe òótọ́. Nọ́ńbà méje ńkọ́? Rẹfirí yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé mi ò gbá bọ́ọ̀lù kankan rí láyé mi. Fao, ìwọ ni mo gbọ́kàn lé. Ṣé mo gbá bọ́ọ̀lù?” Ìka rẹ̀ mẹ́ta tó wọ́ wà lórí aṣọ ìbora níwájú wa. Kí n kàn nawọ́ sí wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní iyè rẹ̀ jí pépé lórí bọ́ọ̀lù, yóò bi mí pé kí ló dé tí kò jí pépé lórí ọjọ́ yẹn. Mo ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká jẹun.” Mo bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó gbà á bí ọmọdé, kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ohun tó burú jù nìyẹn. Apá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣẹ́, mo gba ilé rẹ̀ ṣìkejì, mo wá gba gbogbo ayé tó ti gbé lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì 472 débi pé obìnrin kan dìde fún mi jókòó. Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Kàfí. Ó ní, “Fàó, o mọ̀ pé bó o bá sọ ọ́, ilé la ń lọ nìyẹn.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Kàfí ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbí.” Mo ní mo mọ̀. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyá mi náà dàgbà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, mi ò ní dárí ji ẹni náà. Lọ sọ ọ́.” Mo pe Raliat kí n tó lọ, kí n má baà dà á láàmú lójijì. Ó ní, “Sister, ẹ fẹ́ pa mí ni? Ó ku year kan péré kí n gba permanent stay mi!” Ó gé fóònù, kò sì gbé e mọ́ títí di òní. Mi ò bá a jà. Ẹnu mi ló ti gbọ́ àmín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo lọ. Mo bẹ nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kó dúró tì wá, kí n má baà rí àyè yí ọ̀rọ̀ padà. Oyinadé ni orúkọ rẹ̀, Woolwich ni wọ́n bí i sí, ó ní, “Auntie, kí ló dé?” Mi ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti ba ìkúnlẹ̀ jẹ́ lójú ìyá yẹn. Mo dúró bí ọmọ ilé ìwé tó jẹ̀bi, mo sọ ọ́, láti ọ̀rọ̀ Raliat ní ibùdókọ̀ títí dé orí búréèkì tí mi ò tẹ̀. Mummy Zina gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Tún un sọ.” Mo tún un sọ. Ó ní, “Sọ ọ́ kí ọmọ yìí gbọ́.” Mo yíjú sí Oyinadé, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, “Nígbà náà, orí mi pé?” Mo ní, “Orí yín pé, Mummy. Kò sígbà kan tí kò pé.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀, irú ẹkún tí mi ò gbọ́ lọ́jọ́ tí egungun rẹ̀ kán. Ó ní kí Oyinadé bá òun gbé fọ́tò náà wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn àti orúkọ bàbá wọn, àwọn méjìlá, kò ṣi ẹyọ kan pè. Ó kan ara rẹ̀ náà, ó pe orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, “Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń sin ara mi láàyè. Àforíjì tó o wá tọrọ, mi ò ní i lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá mo máa ní i lọ́la. Má pè mí ní Mummy mọ́. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ.” Mo lọ.

Mo ti sọ fún Patricia, mo fọwọ́ sí ìwé. Ilé iṣẹ́ ti lé mi, wọ́n sì ní ọgọ́ta ọjọ́ ni mo ní láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí á kó ẹrù wa. Ta ni yóò gba irú mi? Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti tún yẹ iyè ìyá náà wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti wà nínú ilé rẹ̀. Mo gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá níjọ́sí, mo gbójú sókè, mo rí kẹ̀kẹ́ ọmọdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ibòmíràn fún un, wọn ò sọ ìgbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, gbogbo ẹjọ́ tí mo bá rò kò lè kó o jọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí ẹ ó máa wọ ilé àwọn àgbàlagbà yìí kiri, mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ náà rọrùn, tàbí pé àwọn tó ń kọ àkókò fún wa ń rò ó dáadáa. Ẹ kọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n lé yín, ó sàn. Ẹni tó bá dá gbé ohun tí èèyàn méjì ń gbé, ọjọ́ kan ni yóò jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹni tó wà nílẹ̀ sì ń wo ojú yín, ẹ má jẹ́ kí ó ti ẹnu yín gbọ́ pé ohun tó rí kọ́ ló rí. Ẹni tí apá rẹ̀ kán ṣì mọ ara rẹ̀. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ ìyá oníyàá fún oṣù mẹ́fà, nítorí físà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú tó wà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹ sì jẹ́ kó máa sọ ìtàn bọ́ọ̀lù rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.